Ọmọ Kan Láti Ilé Kọ̀ọ̀kan

"Ọmọ yín nìyí, ìyá?" Akọ̀wé Olújídé, tó bá dókítà òyìnbó wá láti Ẹ̀jìgbò, na gègé sí Ọmọpẹ́.

"Ọmọ mi ni," ni Sẹ̀kínátù dáhùn. Irọ́ kọ́. Ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti kú ni, ọdún kẹfà rèé tó ti ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lánàá, nígbà tí Baálé ní kí ilé kọ̀ọ̀kan ní Ìsúndúnrìn mú ọmọ kan wá, Mùíbì tó fi inú ara rẹ̀ bí kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn.

"Ẹ gbọ́, ìyá. Oògùn ibà tuntun ni. Bóyá á wo ibà, bóyá kò ní wò ó, ohun tí dókítà fẹ́ mọ̀ nìyẹn. A ó máa gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí iṣu tuntun yóò fi jáde."

"Tó bá wá ṣe é ní nǹkan ńkọ́?"

"A ò tíì mọ̀, ìyá."

Baálé Ògúnbùnmi wúkọ́ lórí àpótí tó jókòó lé. "Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ rẹ ti pọ̀ jù. Mo ti tẹ̀ka fún gbogbo ilé."

Olújídé lóṣòó síwájú ọmọ náà. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o fẹ́?"

Ẹ̀rín pa àwọn obìnrin tó wà nítòsí. "Ẹ wá wò ó! Ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀! Lọ́la, á bi adìẹ léèrè kó tó pa á!"

Ọmọpẹ́ di etí ìró Sẹ̀kínátù mú. "Mo fẹ́, sà. Mùíbì ni wọ́n bí. Tó bá jẹ́ èmi ni nǹkan ṣe, ẹkún ìyá mi ò ní pọ̀ jù."

Ẹ̀rín kú mọ́ wọn lẹ́nu. Sẹ̀kínátù yíjú sí i.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́, ìyá."

Sẹ̀kínátù kúnlẹ̀ síwájú Baálé. "Ẹ dákun, bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ilé wa kúrò."

"O fẹ́ dójú tì mí níwájú òyìnbó?"

"Rárá o, bàbá. Ẹ bu ìtanràn lé mi, n ó san án. Ọmọ méjì ni mo ní, kò sì sí èyí tó jẹ́ àṣẹ́kù nínú wọn."

Olújídé kò dúró de èsì Baálé, ó fagi lé orúkọ Ọmọpẹ́ nínú ìwé ọwọ́ rẹ̀.

Sẹ̀kínátù dìde, ó tú ọ̀já ìdí rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ọmọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Wá, jẹ́ n pọ̀n ọ́."

"Mo ti dàgbà, ìyá."

"Mo mọ̀. Wá."