Ta Ló Ń Fi “Wọ́n” Pe Onírù?

Ẹ̀gbọ́n mi ti pa Onírù mẹ́fà kó tó rántí pé òun ò tíì jẹun ọ̀sán. Ẹni kẹfà, àáké ló fi là á lágbárí, ó ní kí n sọ bó ṣe rí, mo sì sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ bí orí tó là ṣe máa ń rí. Mo sọ ti eegun tó fọ́, ti ẹ̀jẹ̀ tó ń ya sórí òkúta, ti ìrù tó ṣì ń jà nílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀mí ti bọ́. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà kẹfà sára ògiri.

Eré ni o, ẹ má sá lọ. Lọ́jọ́ Sátidé, bí iṣẹ́ bá ti parí ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ẹ̀gbọ́n mi, a máa ń jókòó yí ìlẹ̀kùn kan tí oníbàárà kọ̀ sílẹ̀ ká, a ti gbé e lé àpótí, ó ti di tábìlì. Èmi ni mo máa ń sọ ìtàn. Àwọn mẹ́ta yòókù á sọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ìtàn náà, dáìsì olójú ogún á sì sọ bó ṣe yọrí. Nọ́ńbà tó bá pọ̀ ni ire. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi igi gbẹ́ dáìsì ọ̀hún. Kò gún dáadáa, ó ní ojú tó fẹ́ràn, àmọ́ kò sẹ́ni tó láyà láti sọ fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi ni jagunjagun aláàáké. Díákónì, tó ń kun àga ní ṣọ́ọ̀bù náà, tó sì jẹ́ díákónì lóòótọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ni àlùfáà Ọlọ́run Ìmọ́lẹ̀. Ó pẹ́ tó ti ń sọ fún wa pé eré èṣù ni. Ní báyìí òun ló máa ń kọ́kọ́ fa àga. Kòkánjú, awakọ̀ tí kì í sáré bí ilé tiẹ̀ ń jó, ni olè. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ dàgbà ní òpópónà kan náà ni, kò sẹ́ni tó ń fi “ẹ” pe ẹnì kejì nínú wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Onírù ni ọ̀tá. Ìwé òfin eré náà là á mọ́lẹ̀ pé ìkà ni wọ́n láti inú oyún, pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pípa wọn. Kòkánjú bi wá nígbà kan pé ọmọ ọwọ́ wọn ńkọ́. Díákónì ní Ọlọ́run Ìmọ́lẹ̀ kọ́ ló dá wọn, kó ju dáìsì rẹ̀ jàre. Àmọ́ ìwé kan náà ní kí àlùfáà jẹ́ ẹ̀jẹ́ kan, bó bá sì ṣẹ̀ ẹ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á kú. Díákónì fúnra rẹ̀ ló yan tirẹ̀: òun ò ní pa ẹni tó bá kí òun. Ó ní ẹ̀jẹ́ tó rọrùn ni, nítorí ta ló máa ń kíni lójú ogun.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, eré nìkan kọ́ ló wà lọ́kàn mi. Ìyá àfẹ́sọ́nà mi ń bọ̀ wá kí ẹ̀gbọ́n mi ní ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́. Láti ìgbà tí bàbá wa ti lọ, ẹ̀gbọ́n mi ni olórí ilé, bí kò bá sì fọwọ́ sí i, ìgbéyàwó mi ti forí ṣánpọ́n nìyẹn. Ó mọ̀ pé àlejò ń bọ̀. Kò mọ̀ pé òdìkejì odò ni wọ́n ti ń bọ̀. Orí afárá ni bàbá wa kú sí, lọ́dún tí àdúgbò wa àti àwọn ará òdìkejì odò ń ju òkò lura. Òkúta kan ba bàbá wa ní ẹ̀bátí. Kò sẹ́ni tó rí ọwọ́ tó jù ú, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi rí i ní tirẹ̀, ó sì ń rí i títí dòní.

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yẹn, n ò sì fẹ́ ṣe ìgbéyàwó tí ẹ̀gbọ́n mi ò ní wá. Mo wá dá ọgbọ́n kan: kí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ pàdé ìyá arúgbó kan nínú eré, Onírù, tó gbé omi wá fún àwọn tó ń jà, gẹ́gẹ́ bí ìyá àfẹ́sọ́nà mi tí wọn kì í lọ síbi kankan láìgbé ike omi sábẹ́ apá. Bóyá ọkàn rẹ̀ á rọ̀ díẹ̀, n ó wá sọ̀rọ̀. Kòkánjú nìkan ló mọ̀, torí ọkọ̀ rẹ̀ ló máa ń gbé mi kọjá afárá.

Mo ní, “Ariwo ti rọlẹ̀. Òkú mẹ́fà wà nílẹ̀, èéfín sì bo ojú ọ̀nà. Wọ́n jáde láti inú ihò. Wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Wọ́n gbé nǹkan kan sábẹ́ apá.”

Mo mí kanlẹ̀ kí n lè máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò dúró.

“Wọ́n tún ń bọ̀,” ló wí. Ó ti dìde lórí àga. “Díákónì, iná.”

“Mo ju iná sáàárín wọn,” Díákónì dáhùn. Dáìsì yí gbirigbiri, ó dúró ní méjìdínlógún.

“Ẹ dúró ná,” ni mo wí.

“Ká dúró kí wọ́n wá pa wá? Mo ti kó wọ àárín wọn. Mò ń gé wọn láti ọ̀tún sí òsì.” Ó ju dáìsì. Ogún. Ó fi ọwọ́ gbá tábìlì.

Mo lè ní kí wọ́n dá a padà, èmi ni mo ni ìtàn. Àmọ́ onínúfùfù ni mí, gbogbo ilé ìwòsàn wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, bí èèyàn bá sì já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi, ara mi á gbóná. Mo ní ó dáa, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ ṣe.

“Iná mú aṣọ wọn láti ìsàlẹ̀. Aṣọ lẹ̀ mọ́ itan, ó ń bó awọ lọ. Àáké wọlé láti èjìká òsì, ó gé eegun, ó há sínú ìhà. Ẹ̀gbọ́n mi, o ní láti fi ẹsẹ̀ tẹ àyà wọn kó o tó rí i fà yọ. Irun wọn funfun. Ìkòkò tó wà lábẹ́ apá wọn ti fọ́, omi ló wà níbẹ̀, omi yẹn àti ẹ̀jẹ̀ ti dà pọ̀. Ẹnu wọn ṣì ń mì. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wọn ni ‘ẹ kú iṣẹ́’.”

Òórùn pọ́líìṣì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

“Àwọn tó kù ńkọ́?” ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

“Àwọn wo?”

“O ní wọ́n ń bọ̀.”

“Wọ́n ń bọ̀ náà ni. Ìyá arúgbó ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n. Àbí kí n máa wo ìyá arúgbó kí n ní ó ń bọ̀?”

Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. “Onírù,” ló wí. “Ta ló ń fi ‘wọ́n’ pe Onírù?”

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Ojú ìyá àfẹ́sọ́nà mi ni mò ń rí bí mo ti ń sọ̀rọ̀, ẹnu mi sì ti bọ̀wọ̀ fún wọn kí n tó rò ó. Àwọn mẹ́ta yìí gbọ́ “wọ́n”, ogun ni wọ́n rí. Kò tiẹ̀ sọ sí wọn lọ́kàn pé Onírù lè dàgbà débi tí èèyàn á fi bọ̀wọ̀ fún un. Ó dùn mí wọnú eegun.

“Díákónì, ìmọ́lẹ̀ ẹ ti kú,” ni mo wí.

“N ò gbọ́ kíkí kankan.”

“O ò dúró gbọ́.”

“Ẹnu ẹ ló jẹ̀bi. Ẹ̀ṣẹ̀ àìmọ̀ ni, ìyẹn tó bá tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí Ọlọ́run ò dá, kí ló kan Ọlọ́run nínú ikú ẹ̀?”

“Ìwọ lo jẹ́ ẹ̀jẹ́ yẹn,” Kòkánjú fèsì. “O ò sọ pé ẹni tí Ọlọ́run dá. Ẹni tó bá kí ọ lo wí.”

Ẹ̀jẹ́ kì í ṣe ohun eré lọ́dọ̀ Díákónì. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń fi èékánná ha pọ́líìṣì tó ti gbẹ mọ́ ọn.

“Ẹ fìyẹn sílẹ̀ jàre,” ẹ̀gbọ́n mi wí. “Onírù ni Onírù. Bíi tàwọn ará òdìkejì odò náà ni. Wọ́n á gbómi fún ọ lónìí, wọ́n á fọ́ ọ lórí lọ́la.”

N ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi. “Ìyá tó ń bọ̀ wá kí ọ nírọ̀lẹ́ yìí, ará òdìkejì odò ni wọ́n.”

Ó jókòó. Ó tún dìde. Kòkánjú, tó rò pé òun ń tún nǹkan ṣe, sọ wẹ́rẹ́ pé, “Ìyá dáadáa ni wọ́n. Mo ti gbé wọn rí.”

“Ìwọ mọ̀?”

Ìlẹ̀kùn tá a fi ṣe tábìlì fò kúrò lórí àpótí. Ẹ̀gbọ́n mi ti kọjá á kí dáìsì tó balẹ̀, ó fi orí kan Kòkánjú nímú, mo sì gbọ́ bí eegun imú ṣe dún. Kòkánjú tí kì í kánjú yára lọ́jọ́ yẹn: ó fa pákó kan yọ, ó gbá ẹ̀gbọ́n mi níhà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀gbọ́n mi ká kò, ó kérora, ó sì na ọwọ́ mú òòlù. Ó fi gbá a. Etí Kòkánjú ya láti òkè, ó ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì da bo ìyẹ̀fun pákó nílẹ̀. Mo fò mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi. Mo bù ú jẹ léjìká títí mo fi tọ́ iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wò. Ó gbọ̀n mí dànù, ẹ̀yìn mi lọ gbá igi tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èémí mi sì já.

Nígbà tí mo máa ríran dáadáa, Kòkánjú ti wà nílẹ̀ gbalaja. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹsẹ̀ tẹ àyà rẹ̀, ó ti gbé òòlù sókè. Mo mọ ibi tó ń lọ, mo sì mọ bó ṣe máa rí. Àwọn tí wọ́n máa ń gbé wá bá wa báyẹn nílé ìwòsàn kì í jókòó mọ́.

“Ẹ kú iṣẹ́ o.”

Ìyá àfẹ́sọ́nà mi ni. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ike omi wà lábẹ́ apá wọn. Wọ́n ti la ẹnu kí wọ́n tó rí ohun tó wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yí ojú sí wọn, òòlù ṣì wà lókè, ojú rẹ̀ sì kọjá lára wọn lọ sí ìta, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Mo mọ ohun tó ń wá. Àwọn tó kù ló ń wá.

Díákónì ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò sì jọ tirẹ̀. “Wọ́n ti kí wa,” ló wí. “O gbọ́. Èmi náà gbọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ti kí wa.”

Òòlù wálẹ̀. Ilẹ̀ ló bà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí Kòkánjú, sìmẹ́ńtì sì fọ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ó ń mí bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ńtì gun òkè. Mo wọ́ lọ sọ́dọ̀ Kòkánjú, mo fi gèlè mi di etí rẹ̀ mú.

“Wọlé,” ẹ̀gbọ́n mi sọ fún wọn.

Wọn ò wọlé. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, àmọ́ ẹsẹ̀ wọn ò kúrò níbi tó wà. Wọ́n kàn ń wo ojú ẹ̀gbọ́n mi bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tíì parí. Ẹ̀gbọ́n mi gbé itọ́ ẹlẹ́jẹ̀ mì.

“Ẹ,” ló wí, ó sì dákẹ́. “Ẹ wọlé.”

Wọ́n wọlé. Wọ́n kọjá lórí ìlẹ̀kùn tó dojú dé, wọ́n wo Kòkánjú, wọ́n wò mí, wọ́n wá yọ ike omi lábẹ́ apá, wọ́n sì nà án sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó wò ó pẹ́. Kó tó lè fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ní láti kọ́kọ́ sọ òòlù sílẹ̀.