Ilé Tí Òjò Ò Wó

Àlá ọ̀sán ni. Rọ́fíátù ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú pálọ̀ ilé tó kọ́ fún ìyá rẹ̀ ní Ìgànná ni pálọ̀ náà yí padà mọ́ ọn lójú. Fáànù ń yí lókè, atẹ́gùn kankan ò bọ́ sílẹ̀. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló wà níbi tí ẹyọ kan wà tẹ́lẹ̀. Òórùn amọ̀ tútù gba gbogbo inú ilé kan, bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà, kò sí ẹni tó gbé amọ̀ wọ ibẹ̀ rí.

Bàbá rẹ̀ ló lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Lámídì mọlémọlé, tó ti kú láti ọdún mẹ́rin, òun gan-an ni o! Ṣòkòtò iṣẹ́ ló wọ̀, amọ̀ dé e ní ìgúnpá, igbá omi èèpo irú tó fi ń dán ilé wà níwájú rẹ̀. Ó bu omi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ ògiri láti òsì lọ sí ọ̀tún, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fi òrí pa ọmọ lára. Sìmẹ́ńtì ni ògiri náà. Gbogbo omi ṣàn sílẹ̀.

Rọ́fíátù kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, Bàámi."

"Àṣàbí, ògiri yìí ò gba ọwọ́."

"Búlọ́ọ̀kù ni, Bàámi."

"Mo rí i. Ooru rẹ̀ ń mú mi." Ó tún bu omi. "Ilé mi ńkọ́?"

Háà! Ibi tó ń dùn ún gan-an nìyẹn. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọ̀mọ̀wé ni Rọ́fíátù ní yunifásítì, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé tí kì í ba àyíká jẹ́ ló sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ: ògiri amọ̀ tó nípọn, fèrèsé tó dojú kọra, òrùlé tó yọ síta kí òjò má baà na ògiri. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti mọ gbogbo ẹ̀. Fọ́tò ilé tí baba náà fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ló máa ń fi hàn wọ́n. "Ilé tí wọ́n bí mi sí rèé. Ó ṣì wà níbẹ̀ digbí." Irọ́ gbuu! Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n wó o, kí wọ́n kọ́ ti búlọ́ọ̀kù yìí síbẹ̀, nígbà tí àdúrà ọdún kan bàbá rẹ̀ ku oṣù mélòó kan, tí àwọn àna rẹ̀ ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Ohun tó ń fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ojú rẹ̀ ló ń tì í níwájú àna. Ní báyìí, ogún akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ̀ lọ́la láti wá wo ilé inú fọ́tò, irọ́ tó fẹ́ pa fún wọn sì ti wà lẹ́nu rẹ̀. Irọ́ náà ló jáde kó tó mọ̀.

"Òjò ló wó o, Bàámi."

Ọwọ́ baba náà dúró lára ògiri. Kò bínú. Ì bá bínú, ì bá sàn. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ títí, bí ẹni ń wá ibi tó ti ṣe àṣìṣe.

"Òjò," ló wí. "Àbí mi ò po amọ̀ náà kúnná ni?" Ó mi orí. "Má bínú, Àṣàbí. Mo rò pé mo pò ó dáadáa ni."

Rọ́fíátù fẹ́ kígbe pé rárá, ètè rẹ̀ ò là. Baba náà gbé igbá rẹ̀, ó gba ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn náà lọ.

Rọ́fíátù ta jí. Òógùn ti rẹ aṣọ mọ́ ọn lára, ara ògiri gbóná. Ìyá rẹ̀ ò sí ní yàrá, kò sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló ti bá a, nínú ilé ìdáná àtijọ́, ilé amọ̀ kan ṣoṣo tí wọn ò wó. Ìyá náà na ara sórí ẹní, ibẹ̀ tutù minimini.

"Ìyá mi, ṣé ibí lẹ máa ń wà ni? Bí mo bá pè yín, ẹ máa ń ní pálọ̀ lẹ wà."

Ìyá gbójú kúrò. "Ilé rẹ dára, ọmọ mi. Gbogbo èèyàn ló ń yìn ín. Ooru rẹ̀ ni mi ò lè bá yí. Mi ò sì fẹ́ kójú tì ẹ́."

Ojú ti Rọ́fíátù débi pé kò lè jókòó. Ó fara ti ògiri. Ipa ìka bàbá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, láti òsì lọ sí ọ̀tún. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e, ó sì fi ọwọ́ kejì pe Káńmi lórí fóònù, olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà.

"Ẹ máa bọ̀ lọ́la o. Àmọ́ ẹ ò ní bá ilé yẹn mọ́. Ó ti wó."

"Yéè! Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ṣé òjò ni?"

"Ọdún méjìlélógójì ni òjò fi rọ̀ lé e lórí, kò ṣe é ní nǹkan kan," ni Rọ́fíátù wí. "Èmi ni mo wó o."