Èènì Lórí Ìrẹsì Òkè

Láti àárọ̀ ni ẹ̀rù ti ń ba Ràmílátù. Ìrẹsì tó wà lórí àtẹ rẹ̀ nínú ọjà Adjamé kì í ṣe tirẹ̀. Martine ló ni ín, oníbàárà rẹ̀ tó máa ń ti ìlú Man, lápá ibi tí òkè pọ̀ sí, wá ra ẹja gbígbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Martine àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin abúlé rẹ̀ ló gbin ìrẹsì náà sí ẹsẹ̀ òkè, àwọn ló gún un, àwọn ló dì í sínú ọ̀rá, tí wọ́n fi iná lẹ ẹnu ọ̀rá pọ̀. Ràmílátù kàn yá wọn ní àtẹ ni. Ọkùnrin kan tó ń rajà fún ilé ìtajà ńlá kan ní Cocody, àdúgbò àwọn olówó, ń bọ̀ wá wò ó. Tó bá gbà, ìrẹsì òkè ti rí ọjà nìyẹn. Bí kò bá gbà, ó tún di ọwọ́ àwọn alágbàtà tó ń díye lé e bó ṣe wù wọ́n.

Ràmílátù ò kàwé jìnnà. Ó gbọ́ Faransé, àmọ́ níwájú ẹni tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ahọ́n rẹ̀ a wúwo. Ó ti pinnu pé òun á dákẹ́, òun á kàn máa wò.

Ọkùnrin náà dé. Ó gbé ọ̀rá kan, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó fi ìka tẹ ẹnu rẹ̀ wò, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n fún òun ní díẹ̀ tí òun á kọ́kọ́ fi han ọ̀gá òun. Martine ń to àwọn ọ̀rá náà sínú àpò. Inú Ràmílátù dùn, ó dùn jù. Níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà nídìí ọjà, ahun ló ń ta ọjà fún oníbàárà tuntun láìfi èènì lé e. Kó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti fa ọ̀rá kan ya. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì, ó dà á lé àwọn tó wà nínú àpò.

"Èènì yín nìyẹn, mùsíò."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà. Ó wo ọwọ́ Ràmílátù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ to ẹja tán. Ó bi Martine bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tọwọ́ bọ gbogbo rẹ̀. Martine ṣàlàyé, ó tún ṣàlàyé. Ọkùnrin náà ní òun ti gbọ́. Ó rọra gbé àpò náà sílẹ̀, ó ní òun á pè wọ́n, ó bá tirẹ̀ lọ.

Fausiatou, aláta ẹ̀gbẹ́ wọn, pòṣé. "Ẹ wá ìjókòó o, kí ẹ fi máa retí ìpè náà."

Kí Ràmílátù sáré tẹ̀ lé ọkùnrin náà, kó ní àṣìṣe òun ni, kì í ṣe ti àwọn ará òkè: ìyẹn nìkan ló kù. Ó ń rí ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì funfun láàárín èrò. Kò tíì jìnnà. Síbẹ̀ Ràmílátù ṣì dúró nídìí àtẹ. Gbólóhùn Faransé tó ń tò pọ̀ fọ́ sí i lẹ́nu. Ọkọ̀ akérò gbaka kan kọjá, ó bo ọkùnrin náà. Ìgbà tí gbaka lọ tán, kò rí i mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí kò sí ìpè kankan, wọ́n di ìrẹsì padà sórí ọkọ̀ Man. Martine ò bínú, ìyẹn gan-an ló ń dun Ràmílátù. Ó bẹ̀ ẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Tàǹtí, mo mọ̀ pé oore lẹ fi ṣe é," Martine wí. "Ẹ ṣáà kọ́ mi ní ohun tí mo máa sọ fún àwọn tó gún un."

Ràmílátù fi okùn di ẹnu ọ̀rá tó fà ya, ó gbé e lé Martine lọ́wọ́. Ọkọ̀ gbéra.