Èèrà Létí Bọ́kẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó ra ẹṣin olówó pọ́ọ́kú, kó má sinmi koríko pípa. Lúkmàn mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó ra ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, kò ga ju àpótí ìjókòó lọ, òun ló fi ń ki atẹ́gùn sínú ìbọn atẹ́gùn àwọn tó ń pa ọ̀yà lọ́nà Ejura. Ojúlówó irú rẹ̀ ń gba owó mọ́tò; tirẹ̀ gba owó kẹ̀kẹ́. Síbẹ̀ ìwọ̀n agbára ọ̀ọ́dúnrún báà ló ń kì, atẹ́gùn tó lè fọ́ irin bí ẹni fọ́ ẹyin.

Nítorí náà kì í fi ẹ̀rọ ọ̀hún ṣeré. Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Anloga Junction nílẹ̀ Àṣáǹtì, láàárín àwọn oníṣẹ́ pákó, bí ẹ̀rọ bá ti ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, á tú fáàfù kékeré méjèèjì kí omi tó há sínú atẹ́gùn lè fọ́n jáde, fííìn! Á pààrọ̀ ọ́ìlì kó tó dúdú. Á fi owú tuntun sínú asẹ́. Pọ́ǹpù kékeré kan wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì dúdú tó kún fún omi, òun ló ń fa omi yí orí ẹ̀rọ ká kó má baà gbóná. Lúkmàn á tún ju omi inú ọ̀rá méjì tó ti dì gbagidi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì náà.

Gbogbo èyí ló ń ṣe, síbẹ̀ ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ̀rọ ti ń gbóná. Géèjì ooru tí kì í kọjá àádọ́ta tẹ́lẹ̀, ọgọ́rin ló ń sáré bá kí ìbọn kan ṣoṣo tó kún. Ó tú orí ẹ̀rọ, ó wò ó. Ọ́ìlì mọ́ lóló. Róbà kankan kò já.

"Ẹ̀rọ kì í dédé ya wèrè," ó wí fún ara rẹ̀. "Ẹnìkan ló ń fọwọ́ bà á."

Ta ni? Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan wà lọ́wọ́ Kwabena. Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, Hàjíà Nímátù, tó ń ti Dichemso wá láràárọ̀ láti gbálẹ̀ kó sì gbé kókó gbígbóná, ìyẹn ẹ̀kọ mímu, àti kósé, ìyẹn àkàrà, sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ní ń ka kọ́kọ́rọ́ ìyá ẹni mọ́ kọ́kọ́rọ́?

Kwabena ni káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ Àṣáǹtì ni, ṣùgbọ́n agbolé kan náà ni òun àti Lúkmàn ti dàgbà; inú ìkòkò Hàjíà ló ti jẹun, ẹnu Hàjíà ló ti gbọ́ Yorùbá. Hàjíà tilẹ̀ fún un ní oríkì: Àlàó. Kò sí ohun tí Lúkmàn ní tí Kwabena kò mọ ibi tó wà, ìyẹn gan-an ló wá ń bà á lẹ́rù. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Lúkmàn wá di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ó rí ìyẹ̀fun pákó létí bọ́kẹ́ẹ̀tì: ọwọ́ ta ló ń ru ìyẹ̀fun pákó kiri bí kò bá ṣe ti káfíńtà? Ó rí èèrà tó tò láti ẹsẹ̀ ògiri dé etí bọ́kẹ́ẹ̀tì, bí èrò Kejetia lọ́jọ́ ọjà. Omi lásán ni, kí ni èèrà ń wá débẹ̀? Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Kwabena wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ omi náà, ó fimú fà á.

"Lúkmàn, me nua, ọmọ ìyá mi, omi rẹ ń rùn dídùn o."

"Omi wo ló ń rùn dídùn? Ta ló sọ fún ọ?"

"Imú mi ni. Àbí ó yẹ kí imú mi kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ?" Kwabena rẹ́rìn-ín. "Mo sọ fún ọ lọ́jọ́ tó o gbé e dé. Mo ní ewúrẹ́ tí wọ́n fi ọ̀dà kùn kó lè jọ ẹṣin lo rà."

Lúkmàn kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó mọ òórùn omi, ó mọ ohun tó dà sí i. "Mú kọ́kọ́rọ́ mi wá."

"Adɛn? Kí ni mo ṣe?"

"Mú un wá. Ìbátan rẹ fẹ́ ra irú ẹ̀rọ yìí. Bí tèmi bá bàjẹ́, ọjà tirẹ̀ á tà."

"Ìbátan wo? Kwaku? Kwaku tí kò lè ra táyà kẹ̀kẹ́?"

Lúkmàn na ọwọ́ sí i. Kwabena wò ó títí, ó yọ kọ́kọ́rọ́ náà láàárín tirẹ̀, ó gbé e lé orí ẹ̀rọ pẹ̀lẹ́, ó jáde. Láti ọjọ́ náà, ohùn ayùn nìkan ni Lúkmàn ń gbọ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó ra àgádágodo tuntun, ó fún ìyá rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ kan, ó mú ìkejì. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ tún gbóná ju ti àná lọ. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti yé e níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfura, bí a bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ojú fèrèsé ló ń gbà wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́, ó lọ bá ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi, ayé ń ṣe mí."

"Ayé ò ní rí ọ ṣe, Àkànní ọmọ Ajílété. Ta ni?"

"Kwabena."

Tẹ̀súbáà dúró lọ́wọ́ Hàjíà. "Àlàó? Ṣé o rí i lójú ni?"

"N óò búra lé e. Lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, níwájú lèmọ́mù àti àwọn àgbà wa, n óò gbé Àlùkùránì pé òun ló ń ba ẹ̀rọ mi jẹ́."

"Ìbúra kì í ṣe kósé, Àkànní. Bí a bá ti gbé e mì, kò ṣe é pọ̀." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fa tẹ̀súbáà. "Ó dáa. N óò fi kún àdúrà."

Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, omi tó ń jáde lẹ́nu ọ̀pá ẹ̀rọ ti kéré bí itọ̀ ọmọ jòjòló. Lúkmàn ronú pé ẹni tó máa búra gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, bó ṣe ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ lẹ́yìn ìrun Àsúbáà, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí ọ̀rẹ́ kan ti ìta ti ilẹ̀kùn pa, ó lúgọ sẹ́yìn pákó tó fi ara ti ògiri. Ilẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń pe èrò ọkọ̀ ń ké "Kejetia! Kejetia!" lójú títì. Àgádágodo ṣí, Lúkmàn di ẹ̀ṣẹ́.

Ìyá rẹ̀ ló wọlé. Ó gbé kókó sílẹ̀, ó gbálẹ̀ tán, ó wá yọ ìgò méjì lábẹ́ ìborùn rẹ̀. Omi inú wọn dúdú.

"Bísímílà." Ó dà wọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. "Ìwọ Ọba tó sọ iná di tútù fún Ànábì Ìbúràhímà, sọ ẹ̀rọ yìí di tútù fún Àkànní. Bo Àkànní, ọmọ Ajílété, arẹwà ọkùnrin. Bo Àlàó, ọmọ tí mi ò bí tó ń pè mí ní ìyá. Ẹni tó bá fẹ́ ya àwọn méjèèjì, Ọlọ́run, dojú tì í."

Lúkmàn kúrò lẹ́yìn pákó. Ó jáde sí gbangba.

"Yéè! Ọmọ yìí, o fẹ́ pa mí!"

"Ìyá, kí lẹ dà sí i?"

"Hántú ni. Àfáà Sàlísù ló fi tàdáwà kọ àdúrà sí wàláà, mo fọ̀ ọ́ sínú ìgò, mo fi oyin sí i kí ọ̀nà rẹ lè dùn. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Ìgò kan ni tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó o ní ayé ń ṣe ọ́ ni mo sọ ọ́ di méjì."

Lúkmàn kúnlẹ̀, ó fa pọ́ǹpù jáde, ó ṣí ẹnu rẹ̀. Tàdáwà àti oyin ti ṣù pọ̀ mọ́ òkú èèrà, wọ́n dí i pa bí ẹrọ̀fọ̀.

"Ìyá, èèyàn ní ń mu hántú. Omi lásán ni ẹ̀rọ yìí mọ̀."

"O ò sọ fún mi rí."

"N kò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé Àlàó ni." Ó mú ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó jáde.

Lúkmàn fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ pọ́ǹpù, ó fọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó pọn omi tuntun. Géèjì kò kọjá àádọ́ta. Ó kírun Jímọ̀, ó gba iwájú àwọn àgbà kọjá láìbúra, ó gé kọ́kọ́rọ́ kan sí i ní Kejetia, ó wá lọ bá Kwabena nídìí pákó.

"Kwabena, mo ṣẹ̀ ọ́. Ìyá ló ń da hántú olóyin sí omi."

Ẹnu Kwabena mì díẹ̀, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. "Imú mi ò wá parọ́."

"Kò parọ́. Ìyẹ̀fun pákó létí bọ́kẹ́ẹ̀tì ńkọ́?"

"Ta lo rò pé ó ń bá ọ pọn omi kún un bó bá fà?"

Lúkmàn yọ kọ́kọ́rọ́ tuntun náà lápò. "Orúkọ rẹ wà nínú àdúrà Ìyá," ó wí. "Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi." Ó na kọ́kọ́rọ́ sí i.

"Gbé e sílẹ̀. Gọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ mi."

Lúkmàn wo ọwọ́ náà. Gbígbẹ ni. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí pákó, ó lọ.

Ní Sátidé, orí pákó náà ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ní Sọ́ńdè, Kwabena lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lúkmàn gbàdúrà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kì í sì í ṣe nítorí ẹ̀rọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kí ìyá rẹ̀ tó dé. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kún dé ẹnu. Omi inú ọ̀rá méjì tó dì gbagidi ń léfòó nínú rẹ̀. Ìyẹ̀fun pákó wà létí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó tutù, ó lẹ̀ mọ́ ọn.

Lúkmàn kò nù ún kúrò. Ó tan ẹ̀rọ.