Ẹ̀jẹ̀ Hassanat

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Hussainat nígbà tí àtọ̀gbẹ mú un, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ ínsúlínì. Ní báyìí tó ti di ọmọge, ara rẹ̀ ti kú sí abẹ́rẹ́, ọkàn rẹ̀ náà ti kú sí àánú àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìtùnú kan ṣoṣo tó kù fún un ni pé Hassanat, ìkejì rẹ̀, bọ́ nínú ẹ̀.

Ọsibítù tó ń tọ́jú rẹ̀ ní àwọn fẹ́ yẹ fítámì inú ẹ̀jẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ wò, kí àwọn fi wé ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Àlímọ̀t, ìyá wọn, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ ṣúgà Hassanat wò rí. Ó ní ẹni tó bá ń wá wàhálà ló ń rí i. Hassanat ń rù, ó ń mumi bí ẹni tó jẹ iyọ̀, àwọn ará ilé tí kì í dákẹ́ ní ìyàwó ojú ọ̀nà tó ń múra níkàáì ni. Ṣùgbọ́n fítámì kì í ṣe ṣúgà, a kì í sì í ṣe ti Kẹ́hìndé ká pa ti Táyé tì. Àlímọ̀t kó àwọn méjèèjì lọ, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ wọn.

Lọ́sẹ̀ kejì, Nọ́ọ̀sì Yéwándé pè wọ́n padà.

"Hussainat, fítámì C ẹ lọ sílẹ̀, E náà lọ sílẹ̀. Àwọn ni kì í jẹ́ kí inú ara dípẹtà. Máa jẹ èso àti ẹ̀fọ́, má dẹ̀ fi ínsúlínì ẹ ṣeré o." Ó yíjú sí ìyá wọn. "Màmá, a máa ń wo ṣúgà ẹni tá a bá fẹ́ fi wé wọn, ká lè mọ̀ pé ara ẹ̀ dá. Ti Hassanat ti ga jù. Dókítà ní kó bẹ̀rẹ̀ ínsúlínì lónìí."

Àlímọ̀t figbe ta. Wọ́n ní Kẹ́hìndé ló ń rán Táyé jáde lọ tọ́ ayé wò. Àìsàn yìí, Kẹ́hìndé ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kò sì ráyè ránṣẹ́ pé kí Táyé má wá. Hussainat wá omijé títí, kò rí.

Nílé, Hassanat jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ká bùbá sókè. Ó ní ìkejì òun ni kó gún òun.

"Ṣé ó máa ń dun èèyàn?"

"Kò dun èèyàn."

Irọ́ kọ́ ni Hussainat pa, bó ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ó fa awọ ikùn rẹ̀, ó gún un.

"Yéè! Ìwọ lo ní kò dun èèyàn!"

Nínú gbogbo abẹ́rẹ́ tí Hussainat ti gún láyé ẹ̀, èyí ló dùn ún jù. Ó di Hassanat mú, ó bú sẹ́kún.