Ìwé Funfun ní Ẹnubodè Dheu i Bardhë

Láti àárọ̀ kùtùkùtù ni Zymer, télọ̀ kan ní ìlú Gjilan ní Kósófò, ti gbé ìyá rẹ̀, Hatixhe, sínú ọkọ̀. Vranje ni wọ́n ń lọ, ní ilẹ̀ Sérbíà, níbi tí Sabrije, àbúrò ìyá náà, dùbúlẹ̀ sí ní ilé ìwòsàn. Tí agogo méjì ọ̀sán bá ti lù, wọn kì í gba àlejò mọ́. Òjò ń rọ̀.

Ní ẹnubodè, ọlọ́pàá Sérbù fún Zymer ní ìwé funfun tó ń lẹ̀, kí ó fi bo orúkọ Kósófò lára nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀. Bí Kósófò àti Sérbíà ṣe fẹnu kò ní Brussels nìyẹn, níwájú àwọn àgbà Yúróòpù: Sérbíà kò gbà pé orílẹ̀-èdè ni Kósófò, síbẹ̀ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa kọjá.

Zymer nu nọ́ńbà náà gbẹ, ó lẹ ìwé mọ́ ọn. Kò tíì jókòó tán tí òjò fi ṣí i dànù. Ó gba òmíràn. Ìyẹn náà bọ́ sínú ẹrẹ̀.

"Ẹ padà sẹ́yìn ìlà," ni ọlọ́pàá wí. "Orúkọ yẹn kò gbọdọ̀ hàn."

Hatixhe yọrí lójú fèrèsé. Ó gbọ́ èdè Sérbù láti ìgbà tí ilẹ̀ méjèèjì ṣì jẹ́ ọ̀kan. "Ọmọ mi, ẹ ní orílẹ̀-èdè wa ò sí. Kí ló dé tí ohun tí ò sí ń dẹ́rù bà yín tó báyìí?"

"Ìyá, èmi kọ́ ni mo ṣòfin. Ẹ má bá mi jà."

"Ta ni kí n wá bá jà? Àwọn tó ṣe é ò sí nínú òjò."

Wọ́n tò fún wákàtí márùn-ún. Ìwé kẹta tún ṣí. Zymer gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó gbá ìyá rẹ̀ lápá mú, ó fi ọwọ́ kejì gbé páì ewébẹ̀ tí ìyá náà yan fún àbúrò rẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rìn kọjá. Takisí ló gbé wọn dé Vranje. Agogo méjì ti fi ogún ìṣẹ́jú kọjá.

"Ó dọ̀la," ni nọ́ọ̀sì wí, ó tilẹ̀kùn.

Wọ́n dúró lábẹ́ fèrèsé. Ẹnìkan juwọ́ lókè.

"Ṣé Sabrije nìyẹn?"

"Òun ni, Màámi." Kò dá a lójú.

"Tó bá dọ̀la, ká kúkú fẹsẹ̀ rìn kọjá ní ẹnubodè láìtò mọ́."

Zymer mọ̀ pé bí òun bá lanu, ìyá òun ni òun máa jágbe mọ́.