Ìrókò Tí Ọ̀kẹ́rẹ́ Kò Rí

Kọ́kọ́rọ́ ilé wà lọ́rùn Ọ̀kẹ́rẹ́, okùn bàtà ló fi so ó. Tòun tirẹ̀ ló ń wẹ̀, tòun tirẹ̀ ló ń sùn. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n rí ìyá rẹ̀, tí ọjọ́ ogbó ti ń mú gbàgbé ọ̀nà ilé, láàárín títì pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, ó kù díẹ̀ kí ọkọ̀ akẹ́rù tẹ̀ ẹ́ pa. Lọ́jọ́ náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ó sì fi orúkọ Ọlọ́run búra pé Màmá kò tún ní dá jáde mọ́. Ẹ̀jẹ́ náà kò ṣòro láti jẹ́. Inú rẹ̀ ló ṣòro láti gbé. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíràn, tí òun náà sì jókòó sínú yàrá, ẹlẹ́wọ̀n di méjì nìyẹn.

Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ọ̀kẹ́rẹ́, nítorí pé nígbà tó wà lọ́mọdé, orí igi ni wọ́n ti ń pè é sọ̀kalẹ̀ wá jẹun. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì báyìí, àjà kẹta ló ń gbé, àwòrán igi ló sì ń yà. Tábìlì rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí ògiri ilé kejì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ igbó, ló ń kó ewé, èèpo àti òdòdó wá fún un nínú àpò ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ohun tí àpò bá gbé dé ni Ọ̀kẹ́rẹ́ mọ̀ nínú igbó.

Ìwé kan ń bọ̀ lọ́nà. Ayàwòrán méjìlá ní agbègbè náà ni wọ́n pè, igi ìbílẹ̀ méjìlá, ẹnì kan, igi kan. Ìrókò ni wọ́n fún Ọ̀kẹ́rẹ́. Ogún ọdún ló ti ń yàwòrán sínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èyí ni yóò jẹ́ àkọ́kọ́ tí ojú ẹlòmíràn yóò rí. Ó ti dúpẹ́ lórí eékún títí orí eékún náà fi bó.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Olóòtú ìwé náà gun àtẹ̀gùn wá, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Àgbàlagbà oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Ó tẹ́ àwòrán náà sórí tábìlì.

“Arábìnrin, ẹ kú iṣẹ́. Ewé yìí, àfi bíi kéèyàn já a. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, irú ìrókò wo lèyí?”

“Ìrókò náà ni, sà.”

“Ẹ wò ó.” Ó nàka sí òdòdó kan tó gùn, tó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn. “Akọ nìyí.” Ó nàka sí èyí tó kúrú, tó ki. “Abo nìyí. Igi ọ̀tọ̀ ló ń ru akọ, igi ọ̀tọ̀ ló ń ru abo. Ẹ̀yin ti so tọkọtaya mọ́ ẹ̀ka kan, ẹ ò tiẹ̀ pe àlùfáà.”

Màmá, tó ń ká aṣọ kan náà lórí bẹ́ẹ̀dì fún ìgbà kẹwàá, gbójú sókè. “Ta ló ń gbéyàwó? Wọn ò pè wá!”

Olóòtú rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló fa ìwé pélébé kan yọ. Gbólóhùn kan ló wà níbẹ̀: *Mo dúró lábẹ́ igi yìí, ojú mi ni mo fi rí i.* “Àwọn mọ́kànlá yòókù ti buwọ́ lù ú. Ẹ tún òdòdó yẹn ṣe, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i. Ọjọ́ Ajé ni atẹ̀wé ń retí mi.”

Ọ̀kẹ́rẹ́ mú bírò. Ta ni yóò mọ̀? Ó fi ẹnu bírò kan ìwé, àmì dúdú kékeré kan hàn. Ó wá rántí pé Ọlọ́run tó gbọ́ ìbúra rẹ̀ nípa ìyá rẹ̀ ń wo èyí náà. Ó gbé bírò sílẹ̀.

“Sà, mi ò dúró lábẹ́ igi kankan. Inú àpò ni mo ti rí i.” Ó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. “Mi ò lè jáde ni.”

Olóòtú wo kọ́kọ́rọ́, ó wo Màmá, ó wo ilẹ̀.

“Mi ò lè gbà á báyìí, arábìnrin. Màá ti fi àwọn yòókù ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé ò tíì dé. Ìrókò kan wà lẹ́yìn ọ́fíìsì omi àtijọ́, ẹsẹ̀ lèèyàn á fi rìn ín. Ẹ yà á lábẹ́ rẹ̀, mo ṣèlérí fún yín, màá fi síwèé.”

Bó ṣe jáde tán, Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ilẹ̀kùn, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, orí igi mélòó lẹ ti ká òdòdó ìrókò yẹn?”

“Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Igi kan.”

“Ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ó dáa, méjì. Ti àkọ́kọ́ ò pọ̀ tó, mo bá já díẹ̀ kún un níbòmíràn. Ṣé ìrókò kì í ṣe ìrókò ni?”

“Ẹ wá jókòó ti Màmá ní Sátidé. Wákàtí méjì péré.”

“Mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìwọ lo sì búra, Ọ̀kẹ́rẹ́. O tiẹ̀ kúnlẹ̀.”

“Mo búra pé Màmá ò ní dá jáde. Mi ò búra pé èmi ò ní jáde.”

Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbọ́ ẹyẹ lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú fóònù, ẹyẹ lóríṣiríṣi, ó sì dùn ún dé egungun.

“Ṣé èmi ni mo tì ọ́ mọ́lé ni?”

“Àwa méjèèjì ni. Ẹ̀yin lẹ ní kí n búra, èmi ni mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pa fóònù. Ọjọ́ Ẹtì dé, kò sí àpò, kò sí ẹ̀gbọ́n. Lálẹ́, Ọ̀kẹ́rẹ́ dojú àwòrán náà bolẹ̀, ó gbàdúrà, àdúrà náà kò sì ju “Olúwa, ẹ wò mí” lọ.

Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, nínú aṣọ iṣẹ́, búrẹ́dì lábẹ́ abíyá.

“Akẹgbẹ́ mi ń bá mi dúró níbi iṣẹ́. Kó kọ́kọ́rọ́ wá kí n tó yí ọkàn padà.”

“Ta nìyí?” ni Màmá bi í. “Ṣé ọlọ́pàá ni?”

“Èmi ni, Màmá. Àkọ́bí yín.”

“Irọ́ lo pa. Àkọ́bí mi lẹ́wà jù báyìí lọ.”

“Ẹ gbọ́ tẹnu ìyá mi,” ni ẹ̀gbọ́n wí, ó jókòó tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ká aṣọ.

Ọ̀kẹ́rẹ́ bọ́ okùn náà lọ́rùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó sì kó ohun ìyàwòrán rẹ̀ àti ìwé pélébé náà. Ó sọ̀kalẹ̀, ó rìn dé ẹ̀yìn ọ́fíìsì omi, ó sì gbójú sókè. Kò rí nǹkan kan. Ẹ̀ka àkọ́kọ́ ga ju ilé tó ń gbé lọ. Ewé tó ti ń yà láti oṣù mẹ́ta, àwọ̀ ewéko lásán ni lókè ọ̀run. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣa òdòdó tó ti já bọ́. Gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni gbogbo wọn. Ó yí ìdí igi náà ká lẹ́ẹ̀mejì, kò rí kúkúrú kan. Akọ ni, òun nìkan, láàárín ògiri mẹ́rin ọgbà ọ́fíìsì náà.

Ó jókòó sórí gbòǹgbò, ó ya ìdí igi náà àti òdòdó mẹ́ta nílẹ̀. Ewé, kò yà á, nítorí kò rí i. Lẹ́yìn náà ló buwọ́ lu ìwé pélébé náà, ní ẹ̀gbẹ́ àmì dúdú kékeré yẹn.

Wákàtí kan ṣì kù fún un. Ẹnikẹ́ni kò pè é. Síbẹ̀ ó ti dìde, ó ń yára, ọwọ́ rẹ̀ sì ń lọ sí ọrùn rẹ̀ léraléra, ó ń wá kọ́kọ́rọ́.